Rótìmí, Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Bẹ Ọmọ

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣègbéyàwó, àbúrò wa kékeré jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. SS ni genotype rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wá àlàyé. Kí ẹni tó máa kùn wá lójú tó dé, àbúrò ìyá mi ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti forí lé ọsibítù. Ìyá mi wé gèlè rẹ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó kan ìdúpẹ́, mo rí ìyá mi tó ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ. Owó ọrẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Ó ń jó, ó ń yọjú wo fóònù, ó tún ń jó. Ẹnì kan ya fídíò rẹ̀, ó sì fi í sórí WhatsApp ẹbí. Fídíò náà wà lọ́wọ́ mi di òní. Bí ẹ bá wò ó láìmọ nǹkan kan, ẹ ó ní inú obìnrin yìí mà dùn o. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Kì í ṣe pé ó ń ṣe bí ẹni tínú rẹ̀ dùn. Ó ń fa ọmọ kan lé ọkọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, òmíràn wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fi omi sí lára, ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń jó nítorí àwọn méjèèjì.

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ìwé tó mọ ijó yẹn. Ìwàásù kò mọ̀ ọ́n. Nínú ìwàásù, ìbànújẹ́ ló máa ń ṣáájú, ẹ̀rí á tẹ̀lé e, ijó á wá kẹ́yìn, bíi pé wọ́n to gbogbo wọn sórí ìlà níléèwé. Fíìmù wa náà kò mọ̀ ọ́n: orin á yí padà, a ti mọ̀ pé ẹkún dé, ẹ̀rín ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ìwé tó súnmọ́ ọn jù nínú èyí tí mo ti kà ni Stay With Me, ìwé ìtàn àròsọ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, tó jáde ní 2017. Mo fẹ́ sọ ohun tí ìwé yìí rí tí àwọn yòókù kò rí, mo sì fẹ́ sọ ibi tí èmi àti ẹ̀ ti jà. Màá tú gbogbo àṣírí inú rẹ̀ o. Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó lọ kà á ná, kó padà wá bá wa níbí.

Iléṣà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1980. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Òun àti Akin ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ara wọn, àmọ́ ọmọ kò dé, ẹbí ọkọ sì mú ìyàwó kejì, Fúnmi, wá bá a nílé. Àwọn méjèèjì, tọkọtaya, ló ń sọ ìtàn náà fún wa, bí ọ̀kan ti ń sọ tirẹ̀ ni èkejì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, kálukú ló sì ní ohun tó fi pamọ́. Èyí tó tóbi jù wà lọ́wọ́ Akin: kò lè bá obìnrin lò pọ̀ bó ṣe yẹ, àbúrò rẹ̀, Dọ̀tun, ló sì bẹ̀ pé kó lọ fún ìyàwó òun lóyún. Ọmọ mẹ́ta ló wá: Ọlámidé, Sẹ̀san, Rótìmí. Ọlámidé kú ní ọmọ ọwọ́. Sẹ̀san ní sickle cell, ó kú. Rótìmí náà ní in.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gun òkè. Kí oyún kankan tó dé, Yéjídé lọ bá wòlíì kan tí wọ́n ń pè ní Josiah, lórí òkè kan tí orúkọ rẹ̀ ń ṣèlérí iṣẹ́ ìyanu tí ẹnu èèyàn kò ní lè pa dé. Ó fa ewúrẹ́ gun òkè náà. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń jó yí i ká, wọ́n fi aṣọ di ewúrẹ́ náà bí ọmọ, wọ́n gbé e fún un, ó sì fún un lọ́mú.

Mo ti bá àwọn èèyàn jókòó tí wọ́n fi ibí yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́, Adébáyọ̀ sì mọ̀ pé ó ń pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé kò fi Yéjídé ṣẹ̀sín níbì kankan. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan lórí òkè yẹn, obìnrin yìí di ìyá. Ó wo ojú ewúrẹ́, ojú ọmọ ló rí. Ayọ̀ náà kò ní ìdí kankan, síbẹ̀ ayọ̀ ni, ó sì lágbára débi pé ara rẹ̀ gbà á gbọ́: ó padà sílé, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun lóyún, àwọn dókítà yẹ inú rẹ̀ wò, wọn ò rí ọmọ kankan níbẹ̀.

Òǹkọ̀wé tí kò mọ ilé àwọn onígbàgbọ́ dáadáa ì bá ti dúró síbẹ̀, á ní ẹ ò rí i, ẹ̀sìn ti tan obìnrin yìí jẹ. Ohun tí Adébáyọ̀ ṣe le ju ìyẹn lọ. Ó fi hàn wá pé Yéjídé kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ ṣáájú kí ohun ayọ̀ tó dé, torí ìyẹn ni ìgbàgbọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ayọ̀ gidi wá dé, tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ti kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń di ọmọ aláìsàn mú. Wòlíì Josiah ti kúrò nínú ìtàn nígbà yẹn. Ó wà níbẹ̀ fún ìlérí. Kò sí níbẹ̀ fún crisis.

Ibí ni mo ti rántí obìnrin ará Ṣúnémù, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Sunday School mọ̀ ọ́n. Òun kọ́ ló tọrọ ọmọ. Èlíṣà ló ṣèlérí ọmọkùnrin fún un, obìnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tan òun. Ọmọ dé, ọmọ dàgbà díẹ̀, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko ìkórè, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Bàbá ní kí wọ́n gbé e lọ fún ìyá ẹ̀. (Mo máa ń dúró níbẹ̀ yẹn. Orí ń fọ́ ọmọ, bàbá ní ẹ gbé e lọ fún ìyá ẹ̀, iṣẹ́ oko ń lọ.) Ọmọ náà jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ títí di ọ̀sán, ó kú.

Obìnrin yìí tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wòlíì, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní kí ọkọ òun fún òun ní ìránṣẹ́ kan àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Ọkọ bi í pé kí ló ń lọ ṣe, ṣebí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Ó ní àlàáfíà ni. Géhásì pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó béèrè àlàáfíà òun, ti ọkọ rẹ̀, ti ọmọ. Ó ní àlàáfíà ni. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí gbogbo "it is well" tí a ń sọ kiri ti wá báyìí? Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un wàásù: ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́wọ́ rere, ẹ má fẹnu yín sọ aburú.

Àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka apá tó kù sókè. Nígbà tí obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá òun ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá òun kò ti kìlọ̀ fún un. Kò sí àlàáfíà kankan nínú ìyẹn mọ́. Ìbínú ni. Wòlíì fúnra rẹ̀ sì gbà pé Olúwa kò fi ọ̀rọ̀ náà han òun. "Àlàáfíà ni" tí obìnrin náà sọ fún ọkọ àti fún Géhásì, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún ẹni tí kò lè ràn án lọ́wọ́ ni, kó lè ráyè kọjá. Ó tọ́jú òtítọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Nílé wa, ọ̀dọ̀ Géhásì la wà lójoojúmọ́. Wọ́n ti sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ká má sọ pé àbúrò wa ní sickle cell, ká sọ pé "àìlera tí wọ́n ní ó ń ṣe é." Bí ẹ bá bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, á ní ara gbogbo wa le. Ó sì ti sọ ọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn kó tó di ọ̀sán. Mi ò bá a wí o. Ọ̀rọ̀ náà gbé e kọjá láàárín èrò. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹsẹ̀ Èlíṣà kankan tó dì mú nígbà tí ilẹ̀ ṣú.

Yéjídé náà kò ní. Kò ní ìyá tó máa lọ bá, torí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ ná: Yéjídé, ìyá ti jí padà dé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tirẹ̀ pàápàá, òkú wà nílé. Orúkọ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìwé yìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a ń ka ìwé ọmọ Yorùbá, a ń sọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó àti àbúrò ọkọ, a kì í sọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wá. Ọlámidé: ọlá mi ti dé. Ìyẹn ìkéde ni, orúkọ ẹni tí kò bẹ̀rù pé ayé á gbọ́. Sẹ̀san: ẹ̀san, ohun tí wọ́n fi san án padà fún wa. Ìyẹn ti ń ṣírò. Ẹni tó sọ ọmọ ní Sẹ̀san ti mọ gbèsè tí ayé jẹ òun, ó rò pé wọ́n ti san án tán. Lẹ́yìn náà, Rótìmí: dúró tì mí. Kò sí ìkéde mọ́, kò sí ìṣirò. Ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Gbogbo wa mọ àwọn ìbátan orúkọ yìí. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Dúrósinmí. Àwọn baba wa tí kò mọ genotype ń rí ọmọ tó ń wá tó ń lọ, wọ́n ń pè é ní àbíkú, wọ́n ń fi orúkọ dè é mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé gbogbo àbíkú ló jẹ́ sickle cell, àmọ́ kò ṣòro láti rí bí méjèèjì ṣe máa pàdé nínú ilé kan. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kọ̀ọ̀kan, mo ní. Èyí tó ti kọjá kò gba èyí tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ilé kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láyé tí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi pé ẹ ò ní rò pé ọmọ kan náà ló ń fi yín ṣeré. Achebe gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú Things Fall Apart: Ekwefi bí ọmọ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án kú ní kékeré, orúkọ tó ń sọ wọ́n sì wá di ohun tó fi ń bá ikú sọ̀rọ̀. Ó dé orí Ezinma, ó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ̀rù-tẹ̀rù.

Ohun tí Adébáyọ̀ rí nínú Rótìmí yàtọ̀ díẹ̀, èdè wa ló sì fi rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ìwé. "Stay with me" kò burú, àmọ́ kò kó gbogbo rẹ̀. Ta ni a máa ń dúró tì? Aláìsàn. "Ta ló dúró ti ìyá lọ́sibítù?" "Màmá Kẹ́hìndé ló dúró tì í." Ẹni tó ní agbára ló ń dúró ti ẹni tí kò ní. Ọmọ yìí wáyé pẹ̀lú àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì sọ ọ́ lórúkọ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dúró tì wọ́n. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ jòjòló ohun tó yẹ kí àwọn ṣe fún un.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Yéjídé, tí wọ́n fi orúkọ yẹn bẹ̀bẹ̀ fún, ni kò dúró. Ó ti sin méjì. Ó bí ẹ̀kẹta, kò fẹ́ fi ọkàn sí i mọ́, kò fẹ́ gbé e mọ́ra bó ṣe gbé àwọn tó ṣáájú. Nígbà ìdàrúdàpọ̀ ọdún 1993, tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, crisis mú Rótìmí ní Èkó lọ́dọ̀ Akin. Yéjídé gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yẹn ti lọ, ó sì kó ẹrù rẹ̀, ó lọ jìnnà, ó di ará Jos. Ẹni tó dúró ti ọmọ ni Akin, òpùrọ́, ọkùnrin tí ẹ ti bínú sí láti ìdajì ìwé. Òun ló tọ́ ọ dàgbà.

Mo ti rí àwọn tó bú Yéjídé lórí èyí, wọ́n ní irú ìyá wo nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ìwé náà kò dá a láre, àmọ́ ó fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ hàn wá ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé ayọ̀ gbọ́dọ̀ pé pérépéré kó tó jẹ́ ayọ̀, pé ẹ̀rù àìsàn jẹ́ àìnígbàgbọ́, kí ló máa ṣe nígbà tí ọmọ tó fẹ́ràn bá jẹ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn? Méjì ló kù fún un. Kó purọ́ pé ọmọ kò ṣàìsàn, tàbí kó pa ìfẹ́ tì. Yéjídé pa ìfẹ́ tì. Ẹni tó lè jó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ òsì, ẹni ẹ̀kẹta nìyẹn. Òun ni mo ń wá nínú ìwé, kò pọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gba Stay With Me ní ìwé gidi ni bó ṣe to àwọn òde inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ Ọlámidé lórúkọ, ayẹyẹ ńlá, oúnjẹ, ìlù, gbogbo ìlú wá jẹun. Ìyá tí wọ́n ti pè ní àgàn rí ọmọ gbé sẹ́yìn. Òru ọjọ́ yẹn ni Fúnmi ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó kú. Ó pẹ́ kí Akin tó jẹ́wọ́ fún wa pé ọwọ́ òun ló tì í. Òde ìsọmọlórúkọ parí sí òkú. Nígbà tí ìwé wá ń parí, ní 2008, Yéjídé padà sí Iléṣà fún ìsìnkú bàbá Akin. Òkú àgbà ni, ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa, kanópì, aṣọ ẹbí, ẹran. Ibẹ̀ ló ti rí Rótìmí láàyè, tó ti dàgbà di ọmọge, tí wọ́n ń pè ní Timi. Òde ìsìnkú parí sí ọmọ tó wà láàyè.

Mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé òde méjèèjì dojú kọra báyẹn. Adébáyọ̀ kò tọ́ka sí i, kò pariwo. Ó kàn jẹ́ kí ìrẹsì kan náà, àga oníke kan náà àti onílù kan náà wà níbi méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbèésí ayé tiwa. A kò ní ilé kan fún ẹkún, ilé kan fún ijó. Gbọ̀ngàn kan náà la ń háyà.

Mo ti yìn ín tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìjà wa.

Àìsàn yìí ní orúkọ kan ní Yorùbá tí mo rò pé ó jẹ́ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀: fòníkú-fọ̀ladìde. Ó fi òní kú, ó fi ọ̀la dìde. Ẹni tó bá ti bá a gbélé mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó máa ka èémí ọmọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń jà sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Aládùúgbò tó rí i lọ́jọ́ Àìkú á ní ṣé èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ń kú lọ nìyí? Stay With Me mọ "òní kú" dáadáa. Ọsibítù, ìfòyà, ibojì, ó kọ wọ́n débi tí mo fi gbé ìwé sílẹ̀ lọ mu omi. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé níbi "ọ̀la dìde". Níbo ni fólíìkì àti Paludrine àràárọ̀ wà? Ìgò omi tí wọ́n ń lé ọmọ kiri pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, ọmọ tó ń fi àìsàn rẹ̀ yẹra fún fífọ abọ́, ẹ̀gbọ́n tó ń jowú pé aláìsàn ló ń jẹ ẹran tó tóbi jù? Sẹ̀san yára kọjá lọ. Àṣírí Akin àti Dọ̀tun gba àyè tó yẹ kí ó jẹ́ ti ọmọ yẹn, nígbà mìíràn ó sì dà bíi pé àìsàn ọmọ wà níbẹ̀ láti lè tú àṣírí àwọn àgbàlagbà. June 12 náà, tó bọ́ sí ọjọ́ tí crisis mú ọmọ gan-an, mo rí ọwọ́ òǹkọ̀wé tó ń fà á.

Àbúrò mi ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Mo fún un ní ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀rù, torí mi ò mọ bí yóò ṣe rí lára rẹ̀ láti ka ikú Sẹ̀san. Ó kà á tán ní ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e wá bá mi ní kíṣìnnì.

"Bọ̀dá mi, ta ló bi Rótìmí?"

Mo ní kí ló ń wí.

"Ìyá ẹ̀ sọ tiẹ̀. Bàbá ẹ̀ sọ tiẹ̀. Òun tí wọ́n sọ ìwé ní orúkọ ẹ̀, ta ló bi í léèrè?"

Mo dákẹ́. Ó tọ̀nà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú ìwé yìí jẹ́ ohun tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń bẹ̀, tí wọ́n ń sá fún. Ìgbà tí ìwé fẹ́ parí ló tó lanu sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, ìyá rẹ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti gbèjà Adébáyọ̀: mo ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ìwé náà, kò lè jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Àbúrò mi ní kí wọ́n má fi orúkọ ọmọ náà ṣe àkọlé nígbà náà.

Mo bá lọ wá àwọn ewì àbíkú méjì tí ọ̀pọ̀ wa ti kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ti J. P. Clark àti ti Wole Soyinka. Ti Clark, àwọn ará ilé ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bẹ àbíkú pé kó wọlé, kó jókòó. Ti Soyinka, àbíkú fúnra rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu wọn, ó ń fi ẹ̀gbà ọwọ́, ìrúbọ àti ẹ̀bẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ka méjèèjì fún un. Ó ní ti Clark dà bíi Mọ́mì. Ti Soyinka ló gbà, àmọ́ ó ní ó gbéraga jù, pé òun kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tí òun bá ń ṣàìsàn, pé oorun ló máa ń kun òun, ó sì máa ń wu òun pé kí wọ́n má pa iná. Mo tún sọ fún un nípa The Famished Road, tí Ben Okri fi gba ẹ̀bùn Booker ní 1991, níbi tí Azaro, ọmọ àbíkú, ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ gbèsè láti fi ṣe àpèjẹ nígbà tí ọmọ tó sọnù padà dé. Ó ní ìyẹn ló jọ ilé wa, àpèjẹ gbèsè. Àmọ́ Azaro ń yàn láti dúró, torí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àbúrò mi ní òun kò yan nǹkan kan. Òun kàn wà níbí ni, òun ní ìdánwò JAMB.

Ẹ wò ó, gbogbo àtúpalẹ̀ tí mo ń ṣe lórí "dúró tì", ó fọwọ́ kan gbá a kúrò. Ó ní kò sí ẹni tó bẹ òun pé kí òun dúró, kò sì sí ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é ṣe. Ohun tí òun ń fẹ́ ni pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa, kí ẹnì kan ti fóònù òun, kí òun fi fídíò wo ijó náà. Gbogbo wa ń wo fóònù kí a lè mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kò sí ẹni tó rò pé òun náà ń dúró kí fóònù dún, kó lè mọ bí òde ṣe rí. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ sí i lára, ìrora ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó sì ń bi àbúrò ìyá mi bóyá ìyàwó ti wọlé, irú gèlè wo ni Mọ́mì wé.

Mi ò mọ̀ rí. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí rẹ̀.

Mo fi fídíò ìyá mi hàn án lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tí fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Ó wò ó, ó tún un wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Mọ́mì kò mọ̀ ọ́n jó.

Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó mú un lọ sí kíl​íníìkì lọ́jọ́ tó lọ rí dókítà, ó sì yá ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń pàdé níbẹ̀. Mo bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìgbà wo ló máa padà. Ó ní ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ìsọmọlórúkọ, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ìparí rẹ̀ fún òun.